Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Fíìmù Àtìgbàdégbà Àtijọ́ àti Àwọn Onísáyẹ́ǹsì Aṣèkà Inú Wọn

Kí ni fíìmù àtìgbàdégbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí?

Ìtàn kan ṣoṣo ni, tí wọ́n gé sí apá 12, 13 tàbí 15, tí ilé sinimá sì ń fi apá kan hàn lọ́sẹ̀ kan. Apá kìíní máa ń gùn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, kí òǹwòran lè mọ ẹni tó ń bá ẹni jà àti ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ jà. Àwọn apá tó kù kì í sábà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Níparí ọ̀kọ̀ọ̀kan, akítọ̀ á ti kó sínú ewu: ọkọ̀ rẹ̀ ń já bọ́ látorí òkè, ògiri méjì ń sún mọ́ra láti fún un pa, tàbí omi ti ń kún yàrá tí wọ́n tì í mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti dá a dúró, wọ́n á ní kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí à ń sọ ti wá, láàárín 1912 sí 1956. Dúdú-àti-funfun ni gbogbo àwọn tí a dárúkọ sísàlẹ̀ yìí.

Àwọn wo ló ń wò wọ́n nígbà náà?

Nígbà tí fíìmù kò tíì ní ohùn, tàgbà tèwe ni. Ìwé ìròyìn a máa tẹ ìtàn apá kọ̀ọ̀kan jáde ní àkókò kan náà tí wọ́n ń fi í hàn ní sinimá, kí ẹni tó kà á lè fẹ́ lọ wò ó. Nígbà tó fi máa di ọdún 1930 sókè, àwọn ọmọdé ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìjókòó. Ọ̀sán Sátidé ni tiwọn, pẹ̀lú fíìmù kọ́bọ́ì, káàtúùnù àti ìròyìn. Ọmọ tó ti rí akítọ̀ lẹ́nu ikú ní Sátidé yìí kò ní gbà kí wọ́n fi òun sílẹ̀ nílé ní Sátidé tó ń bọ̀, ohun tí ilé sinimá sì ń wá gan-an nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ wo ló ń ṣe wọ́n?

Mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù lásìkò tí ohùn ti dé: Universal, Columbia àti Republic. Mascot ti wà ṣáájú Republic, ó sì wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n pa pọ̀ di Republic ní 1935. Tó bá jẹ́ ìjà, fífò àti ìbúgbàù lẹ fẹ́, Republic ni kí ẹ máa wá. Kò sí ilé-iṣẹ́ méjì tó mọ̀ ọ́n ṣe tó wọn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ onísáyẹ́ǹsì ni aṣèkà inú wọn lọ́pọ̀ ìgbà?

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ẹni tó ń kọ ìtàn náà. Tí apá bá jẹ́ 15, ó gbọ́dọ̀ wá ewu mẹ́rìnlá tí kò jọra. Olè lásán ní ìbọn àti mọ́tò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n tí aṣèkà bá ní yàrá tó kún fún ẹ̀rọ, lọ́sẹ̀ yìí á rán róbọ́ọ̀tì, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á tú gáàsì, lẹ́yìn náà á fi ìtànṣán já bàálù bọ́ láti ojú ọ̀run. Ọgbọ́n orí rẹ̀ ló ń gbé ìtàn náà rìn.

Ìdí kejì wà nínú ayé tí àwọn òǹwòran ń gbé. Iná mànàmáná àti rédíò ń wọ ilé tuntun lójoojúmọ́, àwọn tó ja Ogun Àgbáyé Kìíní sì ti sọ nípa gáàsì olóró nílé. Sáyẹ́ǹsì ń tún ayé ṣe, ó sì ń mú ẹ̀rù wọlé. Lẹ́yìn 1945 tí àdó olóró átọ́míìkì balẹ̀ ní Hiroshima àti Nagasaki, ìbẹ̀rù yẹn yí padà. Nínú The Crimson Ghost (Republic, 1946, apá 12), ẹ̀rọ tí wọ́n ń jà sí ni Cyclotrode, tí wọ́n ṣe láti fi dènà àdó átọ́míìkì nítorí pé ó lè pa gbogbo ohun tó ń lo iná mànàmáná. Olè fẹ́ gbà á kó lè fi gbogbo ìlú sábẹ́ ara rẹ̀. Ọdún kan péré lẹ́yìn Hiroshima!

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí, òun ló sì jẹ́ kí n fẹ́ràn àwọn fíìmù yìí. Wọn kì í bú sáyẹ́ǹsì. Níbi tí onísáyẹ́ǹsì aṣèkà bá wà, ẹ máa rí onísáyẹ́ǹsì rere nítòsí, bàbá àgbàlagbà tó ṣe ẹ̀rọ náà fún ire ará ìlú, tí wọ́n wá jí òun tàbí ẹ̀rọ rẹ̀ gbé. Ẹ̀rọ kan náà ni. Ọwọ́ ta ló máa bọ́ sí ni gbogbo ìjà náà dá lé lórí.

Ìgbà wo ni irú aṣèkà bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ jáde?

Láti ìgbà tí fíìmù kò tíì sọ̀rọ̀. The Exploits of Elaine bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 1914, Pearl White ni obìnrin akọni inú rẹ̀. Ọ̀daràn tó bo ojú tí wọ́n ń pè ní Clutching Hand ń lo ohun ìjà sáyẹ́ǹsì, Craig Kennedy, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn náà, sì ń fi sáyẹ́ǹsì tú àṣírí rẹ̀. Ní 1918, Houdini, onídán tó lókìkí nípa jíjá ìdè, ṣe The Master Mystery, níbi tó ti ń bá ènìyàn onírin kan jà tí wọ́n ń pè ní Automaton. Apá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wá ọ̀nà tuntun láti dè é. Ó ń já a ni.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Mysterious Doctor Satan (Republic, 1940, apá 15). William Witney àti John English ló darí rẹ̀, Eduardo Ciannelli ló ṣe Dókítà Satan. Ìdí tí mo fi fi í ṣáájú ni Ciannelli fúnra rẹ̀. Kì í pariwo, kì í rẹ́rìn-ín bí wèrè. Kóòtù tó dára ló ń wọ̀, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ń pàṣẹ ikú ènìyàn bí ẹni tó ní kí wọ́n bu omi wá fún òun. Ó ti ṣe róbọ́ọ̀tì kan; ó kù kó gba ẹ̀rọ ìdarí tí onísáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Scott ṣe, kó lè máa fi àwọn róbọ́ọ̀tì ṣiṣẹ́ láti òkèèrè. Ẹni tó ń dí i lọ́wọ́ ni Bob Wayne, tó ń fi ìbòjú bàbá rẹ̀ bo ojú, tí wọ́n sì ń pè ní Copperhead.

Tó bá jẹ́ òṣèré lẹ fẹ́ fi mọ fíìmù, ẹ wo The Phantom Creeps (Universal, 1939, apá 12). Bela Lugosi, tó ti ṣe Dracula ní 1931, ló ṣe Dókítà Zorka. Ó ní bẹ́líìtì àféèrí tó ń sọ ọ́ di ẹni tí ojú kò rí, ó ní róbọ́ọ̀tì gàgàrà tí ojú rẹ̀ ń ba ọmọdé lẹ́rù, ó sì ní òkúta kan tó já bọ́ láti ojú ọ̀run tí gbogbo agbára rẹ̀ ti ń wá. Ìtàn náà kò dúró dáadáa bíi ti Doctor Satan, wọ́n sì tún ohun kan náà ṣe láìmọye ìgbà. Àmọ́ ìgbà tí Lugosi bá wà lójú àwòrán, ẹ ò ní lè wo ibòmíràn.

Ìkẹta ni Flash Gordon ti 1936, fún ẹni tó bá fẹ́ kúrò láyé yìí pátápátá.

Ṣé Ming inú Flash Gordon jẹ́ onísáyẹ́ǹsì aṣèkà?

Ọba ni, kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì lásán. Charles Middleton ló ṣe é, òun ló ń ṣàkóso pílánẹ́ẹ̀tì Mongo, ó sì ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ fún un. Onísáyẹ́ǹsì inú ìtàn náà ni Dókítà Zarkov, ọ̀rẹ́ Flash, tó kọ́ ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n fi débẹ̀. Kí Ming tó rí i tán, ó ti mọ̀ pé orí Zarkov wúlò ju òkú rẹ̀ lọ, ló bá fi í síbi iṣẹ́ nínú yàrá ẹ̀rọ ààfin. Ọgbọ́n tí à ń sọ lókè yẹn náà nìyẹn: ọ̀gá burúkú, onímọ̀ rere lábẹ́ ìdè.

Mẹ́ta ni Flash Gordon tí Universal ṣe, Buster Crabbe ló sì ṣe akítọ̀ nínú gbogbo wọn: ti 1936 ní apá 13, ti 1938 ní 15, ti 1940 ní 12. Ti àkọ́kọ́ wà lára àwọn fíìmù tí ìjọba Amẹ́ríkà yàn láti tọ́jú fún ìran tó ń bọ̀ nínú National Film Registry, ní 1996.

Ṣé lóòótọ́ ni pé fíìmù Superman ni Mysterious Doctor Satan yẹ kó jẹ́?

Lóòótọ́ ni. Republic fẹ́ fi Superman ṣe fíìmù, wọ́n ti ń kọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó ni Superman kò yanjú. Wọ́n yọ Superman kúrò, wọ́n fi Copperhead rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo orúkọ ọmọbìnrin onísáyẹ́ǹsì náà: Lois ni, bíi ti Lois Lane inú ìtàn Superman.

Republic kò jókòó sínú ìbànújẹ́. Wọ́n lọ bá Fawcett, ilé-iṣẹ́ tó ni akọni Captain Marvel, wọ́n gba akọni náà, wọ́n sì fi ṣe fíìmù ní 1941. Superman fúnra rẹ̀ kò di irú fíìmù yìí títí di 1948, nígbà tí Columbia ṣe é pẹ̀lú Kirk Alyn. Lex Luthor, onísáyẹ́ǹsì aṣèkà tó gbajúmọ̀ jù nínú ìtàn Superman, dúró de Atom Man vs. Superman ti 1950, Lyle Talbot ló sì ṣe é.

Mo rí róbọ́ọ̀tì kan náà nínú fíìmù méjì. Ṣé ojú mi ni?

Ojú yín kò tàn yín. Owó kò tó, wọn kì í sọ nǹkan nù. Aṣọ róbọ́ọ̀tì Dókítà Satan ti 1940 jáde padà nínú Zombies of the Stratosphere ní 1952, pẹ̀lú àwòrán tí wọ́n gé látinú ti àkọ́kọ́. Aṣọ ìfò tó wà nínú King of the Rocket Men (1949) náà padà wá nínú Radar Men from the Moon àti Zombies, méjèèjì ní 1952. Bàálù ńlá tí wọ́n lò nínú Dick Tracy ti 1937 tún fò nínú The Fighting Devil Dogs ní 1938.

Wọn a máa yá látinú fíìmù ẹlòmíràn náà. Níparí King of the Rocket Men, omi gba ìlú New York, ilé gíga ń wó. Inú fíìmù Deluge ti 1933 ni wọ́n ti gé e. Universal fi àwòrán ọkọ̀ òfuurufú Hindenburg tó jóná ní 1937 sínú The Phantom Creeps. Èyí kò dára lójú mi. Àwọn ènìyàn kú níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì tíì pé ọdún méjì nígbà náà.

Ẹ tún máa rí apá kan, lẹ́yìn ìdajì ìtàn, níbi tí àwọn òṣèré ti jókòó tí wọ́n ń ròyìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀, tí àwòrán àwọn apá ìṣáájú sì ń padà wá. Bí wọ́n ṣe ń fi owó pamọ́ nìyẹn. Ẹ lè fò ó.

Báwo ni wọ́n ṣe mú ènìyàn fò láìsí kọ̀ǹpútà?

Iṣẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni, Howard àti Theodore Lydecker, ní Republic. Fún Captain Marvel, wọ́n ṣe ère tó tóbi díẹ̀ ju ènìyàn lọ, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n sì gbé e sórí wáyà tínínrín tí wọ́n nà láti ibi gíga dé ibi tó rẹlẹ̀. Ère náà á máa yọ́ lọ lórí wáyà, ẹ̀wù ẹ̀yìn rẹ̀ á máa fẹ́. Níbi tó bá ti fẹ́ gbéra tàbí balẹ̀, David Sharpe, ọ̀gá nínú àwọn tó ń fò dípò òṣèré, ló ń fi ara rẹ̀ ṣe é. Tí wọ́n bá ti so méjèèjì pọ̀, ojú á gbà pé ènìyàn kan ló fò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìdí tó fi dà bí òótọ́ ni oòrùn. Ìta gbangba ni àwọn Lydecker ti ń ya ère wọn, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀run àti níwájú òkè gidi, òjìji rẹ̀ sì bá ti ohun tó yí i ká mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé àti mọ́tò kéékèèké tí wọ́n ń fọ́. Mo ti wo fíìmù òde òní tí wọ́n ná owó rẹpẹtẹ lé lórí, tí ènìyàn ibẹ̀ kò fò dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Mo fojú ara mi rí i pé mọ́tò já bọ́ pẹ̀lú akítọ̀ nínú rẹ̀. Báwo ló ṣe bọ́?

Wọ́n rẹ́ yín jẹ ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mọ́tò já bọ́, ó gbiná, ó parí. Lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á tún un fi hàn, ṣùgbọ́n wọ́n á ti fi àwòrán kan kún un níbi tí akítọ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn tó sì fò jáde kí mọ́tò tó dé etí òkè. Ẹ ò rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá torí pé kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọdé ìgbà náà ń bínú sí i, wọ́n sì tọ́ láti bínú.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn kò nílò ẹ̀tàn yìí. Ọ̀rẹ́ akítọ̀ lè ti wà ní bèbè láti apá tó ṣáájú; ẹ̀rọ tó fẹ́ pa á lè ní àbùkù tí a ti rí tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n fíìmù àtìgbàdégbà nìyẹn: ẹ ka iye ìgbà tó yọ akítọ̀ rẹ̀ láìpurọ́.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ìbòjú?

Nínú ìtàn tí aṣèkà ti ń bo ojú, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣèpàdé pọ̀ ni aṣèkà náà. Ohùn kò ní ràn yín lọ́wọ́. Nínú Adventures of Captain Marvel, ohùn òṣèré Gerald Mohr ni wọ́n lò fún Scorpion, aṣèkà tó bo ojú, òun kọ́ sì ni ẹni tí wọ́n ṣí ojú rẹ̀ níparí. Ara tó wọ aṣọ náà lè jẹ́ ti ẹlòmíràn pẹ̀lú. Ohun tó dájú ju ni kí ẹ máa wo ẹni tó jáde kúrò nípàdé kí Scorpion tó wọlé. Bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bá ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kù á máa dínkù.

Orúkọ ẹni náà, nínú fíìmù yòówù, a kì í sọ ọ́ níbí. Ẹ má bi wá.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀tanú pọ̀ nínú wọn?

Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ wò wọ́n mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Batman ti Columbia (1943, apá 15) jáde nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá Japan jagun. Onísáyẹ́ǹsì aṣèkà inú rẹ̀, Dókítà Daka, jẹ́ ará Japan tó ń fi ẹ̀rọ sọ ènìyàn di òkú tó ń rìn. J. Carrol Naish, aláwọ̀ funfun, ni wọ́n kùn lójú láti ṣe é. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà tún yin ìjọba pé ó kó àwọn ará Japan tó ń gbé Amẹ́ríkà kúrò nílé wọn. Àwọn bí 120,000 ni wọ́n kó lọ sí àgọ́, ọmọ Amẹ́ríkà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Drums of Fu Manchu (1940) ń ṣe irú kan náà sí àwọn ará Ṣáínà.

Èyí tó kan àwa dúdú gbọ̀ngbọ̀n ni The Lost City (1935, apá 12). Aṣèkà inú rẹ̀, Zolok, jókòó sínú òkè ní ilẹ̀ Áfíríkà, ó ń fi mànàmáná da ojú ọjọ́ gbogbo ayé rú, ó sì ń fi ẹ̀rọ sọ àwọn ènìyàn dúdú di òmìrán tí kò lè ronú, tó ń ṣe ohun tó bá pa láṣẹ. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi sáyẹ́ǹsì sọ dúdú di funfun, tí wọ́n sì ṣe é bí oore. Kò sí Áfíríkà kankan tó rí bẹ́ẹ̀. Mo wò ó dé òpin nítorí ẹ̀rọ mànàmáná tí Kenneth Strickfaden kó síbẹ̀, ẹni tó ṣe ti Frankenstein ní 1931. Ẹ̀rọ náà dára. Èmi ò ní fi fíìmù náà han ọmọdé láìjókòó tì í.

Tí ẹnikẹ́ni bá ní ká má sọ èyí torí pé ayé ìgbà náà ló rí bẹ́ẹ̀, ẹ rántí pé àwọn tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà náà wà láyé ìgbà yẹn.

Kí ló pa wọ́n?

Tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ tó lè rí ìtàn apá-apá lọ́fẹ̀ẹ́ ní pálọ̀ kò ní san owó sinimá fún un. Universal ti jáwọ́ láti 1946. Republic ṣe ìkẹyìn tirẹ̀ ní 1955, Columbia ní 1956. Tẹlifíṣọ̀n yìí náà ló wá ra àwọn ti àtijọ́, tó sì fi wọ́n han ìran tuntun. George Lucas wà lára àwọn ọmọ tó wò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ ra ẹ̀tọ́ Flash Gordon, kò rí i rà, ló bá kọ Star Wars (1977). Ọ̀rọ̀ tó ń gòkè lọ níbẹ̀rẹ̀ Star Wars, inú Flash Gordon ti 1940 ni irú rẹ̀ ti wá.

Mo rí Doctor Satan's Robot àti Cyclotrode X. Ṣé fíìmù mìíràn ni wọ́n?

Rárá. Ní 1966, wọ́n gé ọ̀pọ̀ fíìmù Republic kúrú sí bí ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú fún tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì fún wọn lórúkọ tuntun. Èkíní jẹ́ Mysterious Doctor Satan, èkejì jẹ́ The Crimson Ghost. Ẹ má fi wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀ ewu kúrò, ìtàn ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, kò sì sí àyè láti dúró kí ọkàn yín máa lù.

Bákan náà, ẹ má wo odindi apá 15 ní alẹ́ kan. Ìjà á sú yín, àṣírí ìrẹ́jẹ á sì hàn. Apá kan lọ́jọ́ kan tó, ọ̀kan lọ́sẹ̀ ló sì dára jù.

Ṣé mo lè gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra mi, torí pé ó ti pẹ́?

Pípẹ́ nìkan kọ́. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, fíìmù tó jáde kí 1964 tó wọlé gbọ́dọ̀ ti gba ìsọdọ̀tun ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) ní ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n rẹ̀. Èyí tí wọn kò sọ di ọ̀tun ti di ti gbogbo ènìyàn, Radar Men from the Moon sì wà lára irú wọn. Èyí tí wọ́n sọ di ọ̀tun ṣì ní olówó títí ọdún 95 á fi pé. Nítorí náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa yẹ̀ wò, kí ẹ má sọ pé gbogbo ti Republic tàbí gbogbo ti Columbia lọ́fẹ̀ẹ́ ni.

Ibi tó díjú jù ni Batman, Superman àti Captain Marvel. Kódà tí ẹ bá rí ẹ̀dà fíìmù tí ẹnikẹ́ni kò gbé ẹjọ́ lé lórí, àwọn akọni náà fúnra wọn ṣì ní olówó tó ń ṣọ́ wọn, orúkọ àti àmì àyà wọn sì wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò. Orin tí ẹlòmíràn fi kún ẹ̀dà tuntun, tàbí àwọ̀ tí wọ́n kùn sí dúdú-àti-funfun, lè ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin orílẹ̀-èdè tí ẹ ń gbé náà lè yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Tó bá jẹ́ òwò lẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó náwó.